Àwo Orin Ọdún 1969

Bí ènìyàn bá ń wá ọdún tí orin gba ọ̀nà tuntun, kó yà sí ọdún 1969. Nítorí pé nínú oṣù Èrèlé ọdún náà ni Miles Davis, ọ̀gá afunfèrè, ká àwo *In a Silent Way* sílẹ̀ ní New York láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, tí Teo Macero, olùdarí àwo náà, sì gé téèpù rẹ̀, tó tún mú ìbẹ̀rẹ̀ ojú kejì wá lẹ̀ mọ́ ìparí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Johnny Cash, olórin Amẹ́ríkà, kọrin fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ọgbà San Quentin. Àrìnjìnnà ní í mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́: Los Angeles ni Fẹlá, Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí, ti bá Sandra Smith, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan, pàdé lọ́dún yẹn kan náà, tí ojú Fẹlá fi là sí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú, tí orin rẹ̀ sì yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ojú kejì àwo Miles yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.