Ọkọ̀ Tó Ń Ṣí Fìlà: Omi Ni Ọ̀tá Rẹ̀, Kì í Ṣe Ẹ́ńjìnnì

Bí a bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnnì ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń tẹ́tí sí. Bó bá ti ń dún dáadáa, tí kò rú èéfín, a ó ní ara ọkọ̀ náà le koko. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ti dánfó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, ọkọ̀ afẹ́ kékeré oníjókòó méjì, tó ń ṣí fìlà lórí bí oòrùn bá yọ. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń pa á. Omi ni.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ìwé mẹ́wàá ni mo kà kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀ròyìn. N kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbé ní Peckham, nílùú London, èmi ni mo sì máa ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú ní Sátidé tó bá ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá di tọ́ọ̀ṣì mú pẹ́, dandan ni kó rí nǹkan.

Mazda MX-5 ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1992, pupa fòò, tí iná iwájú rẹ̀ máa ń dìde bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ṣe é. Miata ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Chicago. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé akọ̀ròyìn bíi tèmi ló dá a lábàá! Bob Hall, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ̀wé nípa ọkọ̀, ló sọ fún Kenichi Yamamoto, ọ̀gá kan ní Mazda, ní ọdún 1979 pé kí wọ́n ṣe ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tó ń ṣí orí, bí irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀ o. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, èyí tí wọ́n ti ṣe ti pé mílíọ̀nù kan. Ti àkọ́kọ́ yẹn kò wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Àwọn tó ṣe é ní àwọn fẹ́ kí awakọ̀ àti ọkọ̀ dà bí ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan, àìsàn mẹ́ta la kọ́kọ́ wò fún un. Àkọ́kọ́ ni ariwo. Bí a bá ṣáná sí i láàárọ̀, orí ẹ́ńjìnnì a máa dún ta-ta-ta bíi ẹ̀rọ ìránṣọ. Jìnnìjìnnì bo ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá mẹkáníìkì wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó ti pẹ́ ní London, kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ní àwọn irin kéékèèké kan wà lórí ẹ́ńjìnnì tí epo gbọ́dọ̀ kún inú wọn kí wọ́n tó lè ti fáàfù dáadáa. Bí epo bá gbó tàbí tó dín kù, wọn a máa pariwo. A da epo àtijọ́ nù, a pààrọ̀ fílítà, a rọ tuntun. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ariwo fi rọlẹ̀.

Èkejì ni kúlọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi á tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, jíà kò ní wọlé. Bàbá ní kí a kọ́kọ́ wo ike kékeré tí omi kúlọ́ọ̀ṣì ń gbé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Sìlíńdà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì ló ń jò, àìsàn tí gbogbo ẹni tó ní irú ọkọ̀ yìí mọ̀. A pààrọ̀ rẹ̀, a lé atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, ó parí. Ẹ̀kẹta, ike dúdú tó wà lórí rédíétọ̀ ti di búráùn. Bàbá ní bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dúró kó bẹ́ sí yín lọ́wọ́ lójú títì.

Gbogbo èyí, owó kékeré ni. Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé rú.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ láti orí igi, a rí i pé gíláàsì ọkọ̀ ń kún fún ìrì láti inú. Kápẹ́ẹ̀tì tutù rinrin. Bí a bá sì yà ní kọ́nà, a ó gbọ́ tí omi ń dún wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, bí omi inú kèrègbè. Bàbá ní, "Akọ̀wé, gbé tọ́ọ̀ṣì wá." Wọ́n fi hàn wá pé òjò tó bá rọ̀ sórí aṣọ òrùlé ọkọ̀ yìí máa ń ṣàn lọ sẹ́yìn, á wọ ihò kan lọ́tùn-ún àti ọ̀kan lósì lẹ́yìn ìjókòó, á gba inú rọ́bà bọ́ sílẹ̀. Ewé àti ìdọ̀tí ti dí ihò méjèèjì pa. Omi kò rọ́nà lọ mọ́, ló bá ń wọ inú irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Bàbá jáàkì ọkọ̀ sókè, wọ́n mú súkúrúdíráfà, wọ́n fi ti irin yẹn níwájú táyà ẹ̀yìn. Háà! Ó wọlé bí ọwọ́ ṣe ń wọ ẹ̀bà. Ìpáàrà ti jẹ ẹ́ tán látinú. Pọ́tì ni ẹni tó ta ọkọ̀ náà fi dí i, tó wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún lórí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ni o. Nínú ọkọ̀ tó ní òrùlé irin, òrùlé wà lára ohun tó ń di ọkọ̀ mú. Èyí tó ń ṣí orí kò ní irú ẹ̀, irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ló ń ru púpọ̀ nínú ẹrù náà. Ìtòsí ibẹ̀ náà ni bẹ́líìtì ìjókòó ti so mọ́ ara ọkọ̀. Títí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, orí ìjókòó yẹn ló máa ń jókòó sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. MOT, àyẹ̀wò tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè lọ́dọọdún, kò gbọdọ̀ gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé.

Owó tí wẹ́dà béèrè ju ìdajì iye tí wọ́n ra ọkọ̀ lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fárí gá. Wọ́n ní, "Bàbá Títí, ṣé owó dẹ́kìn ilé wa ní Ìkòròdú lẹ fẹ́ fi jó irin? Ẹ tà á dànù!" Ẹ̀gbọ́n mi ò lè fèsì. Lójọ́ kejì, ọ̀rẹ́ wọn kan wá, ó ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni: kí a tún pọ́tì rẹ̀ ṣe, kí a kùn ún, kí a tà á fún ẹlòmíràn. Ó ní, "Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ẹ̀yin náà?"

Gbogbo wa dákẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ní kí wọ́n tà á náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Rárá o. A ò ní ta ikú fún ọmọ ọlọ́mọ." Bí ẹjọ́ ṣe parí nìyẹn. Wọ́n gé irin tó jẹrà kúrò, wọ́n jó tuntun mọ́ ọn. Dẹ́kìn Ìkòròdú dúró fún odidi ọdún kan. Ó dun gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kábàámọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú ọkọ̀ yìí, ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá kọ́ wa. Kí òjò tó gbóná, ẹ yọ ewé ẹ̀yìn ìjókòó, kí ẹ ti okùn ọ̀rá tó rọ̀ bọ inú ihò méjèèjì. Ẹ má ti wáyà líle bọ̀ ọ́, kó má baà lu rọ́bà. Ẹ rọra da omi sí i, kí ẹ sì rí i pé ó ń jáde lábẹ́ ọkọ̀. Èyí tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, ẹ tú síìpù rẹ̀ kí ẹ tó ká òrùlé, kó má baà sán, ẹ má sì ká a nígbà òtútù. Bátìrì ti àtijọ́ wọ̀nyí, inú búùtù ló wà, nítorí náà irú èyí tó ní rọ́bà tí ń gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá sì ti ń wakọ̀ nígbà yìnyín, ẹ fọ abẹ́ rẹ̀, nítorí iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀, iyọ̀ àti irin kì í sì í ṣọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń ra tòkúnbọ̀, ẹ má ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ afẹ́ lásán ni mò ń sọ. Ọkọ̀ tí omíyalé ti wọ̀ rí náà máa ń dán lójú. Kí ẹ tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ gbóòórùn inú rẹ̀. Kí ẹ tó wo ọ̀dà, ẹ wo abẹ́. Kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìrírí tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ ọ́ sí Olóòtú, inú wa yóò dùn láti kà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú gègé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ gbé kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín sókè ná.