Ta Ni Yóò Wọ́ Ọkọ̀ Yín Délé? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lójú Ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin aya ilé, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ilé, ìkòkò, aṣọ àti ọmọ ni ọkàn wa sábà máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń gbé wa lọ sí ọjà, tí ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí ó sì ń gbé arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn, ohun èlò ilé ni òun náà. Bí ó bá sì ti gbó, ìtọ́jú tí ó ń fẹ́ a máa ju ti ọkọ̀ tuntun lọ. Ohun tí ojú èmi àti ìyá mi rí lójú ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ Èkìtì. Ẹni tí ó bá gbéra láti Iléṣà lè gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, kí ó kọjá ní Ẹ̀sà-Òkè, kí ó tó dé ibẹ̀. Òkè ni ó yí ìlú náà ká. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, àwọn òkè náà a dà bí àgbàlagbà tí ó da aṣọ funfun bo orí; bí òjò bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ewéko ara wọn a máa tutù yọ̀yọ̀, ojú kì í sì í fẹ́ kúrò lára wọn.

Ní agbègbè òkè wọ̀nyí ni a ti ja ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà jẹ́ olórí wọn, ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ibùdó; àwọn Ìbàdàn sì pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ. Ìró ìbọn tí ń dún láàárín àwọn òkè ni wọ́n ní ó bí orúkọ ogun náà. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà, síbẹ̀ ó di ọdún 1893 kí àgọ́ ogun tó tú pátápátá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àdéhùn yìí sọ́kàn, nítorí pé mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ìyá mi ni ó fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ara rẹ̀ kò yá. Ọkọ̀ Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí ó lọ sí àjò àrèmabọ̀ ni a gbé. Ọdún 1984 ni ó ra ọkọ̀ náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní ọdún 1975, ṣì ń ta á ní àtàrí gbangba fún àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Òun ni ó gbé mi lọ sí yunifásítì ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti sọ títí pé kí n tà á, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sí àyè bàbá mi, tí mo di sitiárìn rẹ̀ mú, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ṣì wà nítòsí. Ìyá mi náà kò fẹ́ gbọ́ pé a ó tà á.

A ti kọjá Ẹ̀sà-Òkè, oòrùn sì ti ń wọ̀, nígbà tí mo gbọ́ ìró kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni fi pàṣán na ilẹ̀. Iná pupa tàn níwájú mi, abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Mo yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo pa ọkọ̀. Kò sí ilé kankan nítòsí. Ìyá mi, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo igbó.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan fi dúró. Awakọ̀ náà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Mọ̀mí, ẹ má mikàn. A óò wọ́ yín dé Ìmẹ̀sí."

Mo bi í pé èló ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí a dé ibẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ owó kò le láàárín wa."

Ìlẹ̀ ń ṣú, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí ìyá mi. Mo gbà. Wọ́n so okùn mọ́ bọ́ńpà iwájú ọkọ̀ mi, wọ́n ní kí n máa tọ́ sitiárìn. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Ní orí ilẹ̀ títẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà olókè ni ọ̀nà náà. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, okùn dẹ̀, ọkọ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré lọ bá ìdí píkọ́ọ̀pù. Mo tẹ ìjánu, ó le bí òkúta. Mo tún tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, díẹ̀ ni ó fi dáhùn. Ìyá mi kígbe, "Olúwa mi o!" Ìjánu ọwọ́ ni mo fi ọwọ́ kan fà tagbáratagbára. A dúró nígbà tí ó kù bí apá kan kí a kọlù wọ́n. Bí píkọ́ọ̀pù sì ti tún fà lójijì, okùn náà ya bọ́ńpà wa ní apá kan.

Nígbà tí a dé ìlú, ọ̀rọ̀ owó tí kò le láàárín wa le ju ẹyìn lọ. Iye tí awakọ̀ náà pè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Àwọn àgbà tí ó wà nítòsí ni wọ́n bá wa dá sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Kírìjì kejì ni ì bá ṣẹlẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀, bàbá mẹkáníìkì kan wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo kí i, ó kí mi. Ó wo inú rẹ̀ díẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ kú ewu, ìyá. Fáànbẹ́ẹ̀tì ni ó já. Bí ẹ bá ní òmíràn nínú bùútù, ibi tí ó ti já gan-an ni wọn ì bá ti fi sí i fún yín. Kò tọ́ sí wíwọ́ rárá."

Rọ́bà lásán ni, tí ń yí fáànù àti ohun tí ń ti omi káàkiri ẹ́ńjìnnì! Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí mo san fún wíwọ́. Bàbá náà tún ṣàlàyé fún mi ìdí tí ìjánu fi le. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni ó máa ń ran ìjánu lọ́wọ́. Bí ó bá ti kú, agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ni ó kù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi okùn wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń fi ẹ̀mí ṣeré ni.

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa ìlú yìí kan náà. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, Dókítà David Morley, oníṣègùn àwọn ọmọdé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni a kì í gbé dé ilé ìwòsàn títí ara wọn yóò fi bàjẹ́. Ó ṣe káàdì kan tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìwọ̀n ọmọ déédéé, ìyá ọmọ ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà nílé. Bí ìlà inú káàdì bá ti kọ̀ tí kò gòkè mọ́, ìyá àti nọ́ọ̀sì yóò mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ọmọ tó dùbúlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká gbogbo ayé. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ yìí, n kò fi í ṣe ohunkóhun fún ọkọ̀ tí mo ń gbé ìyá mi sí. Ìgbà tí ọkọ̀ dùbúlẹ̀ ni mo tó ń wá oníṣègùn.

Bí a ṣe padà dé Òṣogbo ni mo mú káàdì líle kan, mo pín in sí ọ̀nà márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín.

Èkíní, ẹ mọ bóyá ọkọ̀ nílò wíwọ́. Ẹ fi fáànbẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀pá rọ́bà omi kan, omi mímọ́, jáàkì, táyà àfikún àti tọ́ọ̀ṣì sínú bùútù. Ẹ gba nọ́ńbà mẹkáníìkì tí ó mọ irú ọkọ̀ yín ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí ẹ máa ń gbà kọjá. Fún ọkọ̀ tó ti gbó, mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n tí ó sì lè wá bá yín níbi tí ẹ wà sàn ju ọkọ̀ tówìn mẹ́ta lọ.

Èkejì, bí wíwọ́ bá di dandan, ẹ béèrè irú ọkọ̀ tí wọn yóò gbé wá. Èyí tí ó dára jù ni ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó lè gbé ọkọ̀ yín sórí pátápátá. Bí kò bá sí i, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ti Peugeot 504 àti ti Volkswagen oníjàpá. Ẹsẹ̀ iwájú ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tí ó dé lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, òróró kì í lọ káàkiri inú jíà rẹ̀, wíwọ́ lásán sì lè bà á jẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè ibi tí wọn yóò so ìwọ̀ mọ́. Bọ́ńpà kọ́, ojú ibi tí a ṣe fún un lábẹ́ ọkọ̀ ni. Ara irin ọkọ̀ àtijọ́ tí ìpẹtà ti jẹ kì í gba ìfàkúfà. Ẹni tí kò bá wo abẹ́ ọkọ̀ yín kí ó tó so ìwọ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pa owó pọ̀ kí ìwọ̀ tó kan ọkọ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, iye tí ẹ ó san, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bí ohun kan bá bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà kí ó jẹ́ orí fóònù, kí ẹ sì ya àwòrán ọkọ̀ yín yíká. Bí àwọn ọmọ ogun Kírìjì bá nílò ìwé àdéhùn, mélòó mélòó ni èmi àti awakọ̀ píkọ́ọ̀pù!

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mọ ẹni tí ẹ lè pè nígbà ewu. Nọ́ńbà 122 ni ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ẹ̀mí ènìyàn àti ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe pé kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ yín dé ilé. Ẹ tún ka ìwé adójútòfò yín. Ìwé gbogbogbò mìíràn a máa ní owó wíwọ́ ọkọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ìwé tí ọ̀pọ̀ àwa ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ní, èyí tí ó wà fún ìpalára ẹlòmíràn, kì í ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tí a ń pè ní AA ti wà láti ọdún 1905; ọmọ ẹgbẹ́ a máa san owó lọ́dọọdún, wọn yóò sì wá bá a bí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni kí a ti yan olùrànlọ́wọ́ kí ìdààmú tó dé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a tún gba ọ̀nà náà lọ. Káàdì wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀, fáànbẹ́ẹ̀tì méjì wà nínú bùútù. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọjọ́sí, ìyá mi di ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ mú, n kò sì lè sọ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. A sọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn òkè Ìmẹ̀sí-Ilé sì yọ níwájú wa. Ó tú ọwọ́ rẹ̀, ó fi í pa orí pátákó iwájú ọkọ̀ bàbá mi.

"Ó ṣì ń gbìyànjú," ni ó wí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ẹ tó tún gbéra lọ sí ìrìn àjò kankan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ káàdì tiyín.