Mo Kàn Ń Tẹ Ẹ́ńtà Ni

Mo parọ́ fún oníbàárà mi kan. Mo ní iná ló dé lójijì tó ba pírìntà mi jẹ́. Kò sí iná kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó àti síliípù NIN ni a sábà máa ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Costain. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì inú fúláàṣì àwọn oníbàárà fẹ́ pa gbogbo kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ tí mo ní, mo kó wọn kúrò lórí Windows, mo gbé wọn sórí Arch Linux. Mi ò kábàámọ̀ ìyẹn títí dòní.

Arch yìí, tí Judd Vinet ará Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ní orísun méjì tí à ń ti gba sọ́fítíwíà. Nínú èkíní, àwọn olùtọ́jú Arch fúnra wọn ló ń kọ́ páákéèjì, wọ́n á sì fọwọ́ sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni. Èkejì ni AUR. Ẹnikẹ́ni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lè gbé nǹkan síbẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe sọ́fítíwíà gan-an ló wà níbẹ̀, PKGBUILD ni: ìwé kékeré tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà yín ibi tí yóò ti lọ gbé ẹrù àti bí yóò ṣe tò ó. Àwọn Arch kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tó bá lò ó ló máa ru ewu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ páákéèjì kan bá sì sú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, tó fi í sílẹ̀, ó di ọmọ òrukàn, ẹlòmíràn sì lè gbà á tọ́.

AUR ni mo ti rí driver pírìntà mi, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá pírìntà ṣiṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kìlọ̀ fún mi. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹni tó ń tọ́jú driver wa ti fi í sílẹ̀ o. Orúkọ kankan ò sí lórí ẹ̀ mọ́.” Mo ní kó lọ gé káàdì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí ìwé ètò ìsìnkú ọ̀ọ́dúnrún wà nílẹ̀ fún àárọ̀ Sátidé, mo ṣí yay, irinṣẹ́ tí mo fi ń gbé nǹkan láti AUR, mo ní kó sọ gbogbo nǹkan di tuntun. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ wo ohun tó yí padà. Mo tẹ Ẹ́ńtà. Ó tún bi mí ní òmíràn, mo tún tẹ Ẹ́ńtà. Nígbà tí mo wá fẹ́ tẹ̀wé, ohun tí CUPS, ètò tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí pírìntà, kọ ni “filter failed”.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Láíbùrárì kan, ìyẹn àkójọ kóòdù, tí driver náà gbára lé ti gba nọ́ńbà ẹ̀dà tuntun. Àwọn olùtọ́jú Arch tún gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá gbé láti AUR, onítọ̀hún ló máa tún un kọ́ fúnra rẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀. Àdírẹ́sì tí PKGBUILD ti ń gbé ẹrù ti kú. Kí n dá ti àtijọ́ padà ńkọ́? Mo ti pa gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, torí àyè ò tó mọ́ nínú dísìkì.

Màmá tó ni iṣẹ́ dé lálẹ́. “Ṣé orí fóònù lo fẹ́ kí àwọn èèyàn ti máa ka ètò ìsìnkú bàbá mi ni?” Ìgbà yẹn ni mo pa irọ́ iná. Mo gba Western Avenue dé Ojúẹlẹ́gbà, mo já sí Fádèyí, mo wọ Ṣòmólú, mo sì san ju ìlọ́po méjì owó tí mo gbà lọ fún àwọn tó bá mi tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ kí ìwé tó dé. Mo dá gbogbo owó màmá padà. Ìjọ wọn ló ń gbé ìwé ìkéde ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Wọn ò gbé e wá mọ́. Ibẹ̀ gan-an ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ Àìkú ni mo tó lọ ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ páákéèjì náà. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí ti kọ àdírẹ́sì tuntun síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi í sínú PKGBUILD, pírìntà sì ń ké kí omi orí iná tó hó.

Kí n má purọ́, mo tiẹ̀ ríre. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ẹnìkan gba acroread, ọmọ òrukàn AUR kan tí wọ́n fi ń ka PDF, ó sì ki ìlà kan bọ inú rẹ̀ tó ń lọ gbé iṣẹ́ ọwọ́ olè wá láti ìta. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n gbé àwọn páákéèjì kan síbẹ̀ tí orúkọ wọn jọ ti Firefox, LibreWolf àti Zen. Ohun tó wà nínú wọn lè jẹ́ kí ẹni téèyàn ò mọ̀ rí máa darí kọ̀ǹpútà ẹni láti òkèèrè. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni èkíní dé, àwọn Arch sì ti kó wọn dànù ní ọjọ́ kejìdínlógún. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí NIN àti nọ́ńbà báǹkì àwọn ará àdúgbò ń gbà kọjá lójoojúmọ́, tí ọ̀gá ibẹ̀ kàn ń tẹ Ẹ́ńtà.

Mo ti gba driver náà tọ́ báyìí. Orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan fi àmì sí i pé ó ti gbó, kí n jọ̀ọ́ tún un ṣe. Káàdì ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì dá a lóhùn.