Ta ló gbọ́ ohun tí kóòṣì sọ fọ́mọ náà?

Nígbà tí mo wà ní poli, àwa mẹ́rin la jọ ṣe iṣẹ́ kan. Èmi fi òru kọ ọ́, ẹnì kan ń sùn, máàkì kan náà ni wọ́n fún gbogbo wa. Ó dùn mí wọra. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ PFF ń ṣe sí bọ́ọ̀lù yunifásítì l'Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń gbé sáyà sáré yẹn. Wọ́n á wo fídíò, wọ́n á fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti -2 dé +2, wọ́n á wá sọ ọ́ di 0 sí 100. Àwọn géńdé iwájú tí kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ta ni ì bá mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́?

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ẹni tó ń wo fídíò kò sí níbi tí kóòṣì ti pàṣẹ. Bí ọmọ kan bá fi ẹni iwájú rẹ̀ sílẹ̀, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ní kó lọ ran ẹnì kejì lọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀, láti 2021 ni wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti fi orúkọ wọn pawó. Máàkì burúkú lè ba ọjà ọmọ jẹ́.

Ẹ fún wọn ní máàkì, kò burú. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀lẹ, ẹ bi kóòṣì ẹ̀ ná.