Ẹni Tí Mo Gbààwẹ̀ Lé Lórí

Ọpẹ́ tí mo wá dú yìí, ìtìjú wà nínú rẹ̀, àmọ́ n ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ìrókò, ilé ilẹ̀ ni: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, pánù lórí. Nígbà tí owó díẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo ní àfi kí n sọ iwájú rẹ̀ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyàwó mi ní ṣé a ò ní gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tanpiláànì. Mo bú sẹ́rìn-ín: “Ìrókò ni ibí, kì í ṣe Bódìjà. Ṣé ilẹ̀ bàbá mi ni n ó tún gbàṣẹ lé lórí?” Owó pùláànì àti ti ẹnjiníà, mo fi ra sìmẹ́ǹtì.

Bẹ́ẹ̀ mo gbọ́ ti ilé àlejò ìjọ Synagogue tó wó ní Ìkòtún, l'Ékòó, lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, tó pa èèyàn tó lé ní 100. Adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ lọ́dún 2015 pé wọn ò gbàwé àṣẹ ìkọ́lé. Mo mi orí, mo ní aráyé ò gbọ́n.

Bíríkìlà mi ní, “Alàgbà, ẹ fọkàn balẹ̀, á gbé e.” Kò gbẹ́lẹ̀ wo ìpìlẹ̀, kò ri pílà kankan. Dẹ́kì yàrá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú lóròó, tó ki ní ínṣì 6, ń lọ sí tọ́ọ̀nù 5. Ògiri tí kò gbé ju pánù lọ rí la dì í rù. Kọnkéré ò tíì gbó tí wọ́n fi yọ ọparun tó gbé e dúró. Láti igun fèrèsé, ògiri là gọọrọ lọ sókè, ọmọ mi ń ki ìka bọ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn pálọ̀ ò ṣeé tì mọ́. Mo ní kí wọ́n rẹ́ ibi tó là.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ tanpiláànì kan ń kọjá, ó yà. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró, ó sì lé àwọn bíríkìlà lọ. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn síbí.” Mo ṣépè fún un. Mo kọ ọ́ mọ́ àwọn ọ̀tá ìtẹ̀síwájú mi, mo gbààwẹ̀ lé e lórí.

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kó ọmọ, ó kó ìkòkò, ó di ilé ìyá rẹ̀ ní Mọ́níyà. Nígbà tó dalẹ́, mo gun ọ̀kadà tẹ̀lé e. Ẹ má pè é lọ́gbọ́n o. Ebi ló lé mi.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, lásìkò tí àwọn bíríkìlà ì bá ti wà lókè, dẹ́kì já wálẹ̀, ó wó ògiri yàrá wa lé bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kankan ò fara pa. Olúwa ti rán ẹni tó máa gbà wá, èmi ni mò ń fààwẹ̀ lé e padà!

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún òṣìṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì. Ó ní kí n dìde, kí n lọ mú pùláànì wá.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé yín, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ.