Gẹ̀gẹ̀ Ìyá Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí ní Ofosu, lágbègbè Ìdànrè, láàárín àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó. Ọ̀dàlẹ̀ inú ilé ni a máa ń pa á mọ́. Àìsàn ni ó fi ìtumọ̀ mìíràn hàn mí.

Gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn ìyá wa. Ojú rẹ̀ yọ síta, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun dáadáa. Àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ìyá kékeré, orogún rẹ̀, ni wọ́n nàka sí. Obìnrin náà búra títí, a kò gbọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kúrò nílé.

Lẹ́yìn ọdún pípẹ́, tí ìyá wa ti jáde láyé, àrùn kan náà mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé àrùn Graves ni, èyí tí a fi orúkọ Robert Graves pè, oníṣègùn ará Ireland tó kọ nípa rẹ̀ ní 1835. Àìtó áyódíìnì nínú oúnjẹ ń fa irú gẹ̀gẹ̀ mìíràn. Ìdí nìyí tí a fi ń fi áyódíìnì sí iyọ̀. Ṣùgbọ́n nínú tiwa, àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti àìsàn, ni wọ́n kọjú sí ẹṣẹ́ kan tó dà bí labalábá ní iwájú ọ̀fun, wọ́n ń gún un ní kẹ́sẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ àṣejù. Kòkòrò inú obì nìyẹn.

Ǹjẹ́ a ń jogún rẹ̀ bí? Ìwádìí kan lórí àwọn ìbejì ní Dẹ́ńmákì, tó jáde ní 2001, dáhùn. Bí àrùn yìí bá mú ọ̀kan nínú ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, nǹkan bí 35 nínú 100 ni ó ń mú èkejì; láàárín ìbejì ẹyin méjì, nǹkan bí 3 péré ni. Àbùdá tí a jogún ní ipa ńlá, obìnrin ni ó sì ń mú jù. Síbẹ̀, ogún kì í ṣe ìdájọ́: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbejì ẹyin kan náà ni kò mú. Sìgá mímu sì wà lára ohun tó ń ru ú sókè.

Mo wá ìyá kékeré lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí àyẹ̀wò wí. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan ọ̀fun mi, ó ní, “Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yẹ tìrẹ wò?”

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí a tó pa òwe mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ inú obì wò.