Iyán inú kúlà: bí mo ṣe gbé DHIS2 sórí laptop mi ní Arámọkọ

Tí ẹ bá ti gba ìtọ́jú ní ibùdó ìlera ìjọba rí, ní Ìjerò ni o, ní Ẹfọ̀n Aláayè ni o, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti wọ inú DHIS2 láìmọ̀. Iye aboyún tó wá, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, oṣooṣù ni wọ́n ń kà á ránṣẹ́, ibẹ̀ sì ni Nàìjíríà ń tọ́jú ẹ̀ sí. Open source ni. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn 1994. Yunifásítì Oslo ní Norway ló ń darí ẹ̀ báyìí.

Àǹtí mi tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ní kí n ṣe fídíò Yorùbá fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. "Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ti ìjọba o. Nọ́ńbà èèyàn gidi ló wà níbẹ̀." Òótọ́ ni. Mo nílò ẹ̀dà tèmi.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Ẹ máa wá Java, Tomcat, PostgreSQL àti PostGIS, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Java 11 tó fún 2.40, 2.41 ní 17 lòun fẹ́. Bíi kí wọ́n gbé iṣu fún yín, kí wọ́n ní kí ẹ lọ wá odó.

Image (Docker ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ láti 2013) dà bí iyán tí wọ́n ti gún, tí wọ́n gbé wá nínú kúlà. Àwọn tó ń ṣe DHIS2 fúnra wọn ló ń gbé tiwọn jáde: dhis2/core. Java àti Tomcat ti wà nínú ẹ̀. PostGIS ní image tiẹ̀; fáìlì compose kan ló so méjèèjì pọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti dátà, ẹ sáà mọ iye tí à ń rà á. Ìpele ìpele ni image. Tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, ìpele tó bá yí padà nìkan lẹ máa dáńlóòdù.

Àkọsílẹ̀ yín ṣá, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú container, inú volume ni kó wà. Ẹ sì máa kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ fẹ́. Mi ò fẹ́ràn "latest" rárá. Lọ́la ó lè gbé nǹkan tí ẹ ò tíì dán wò fún yín.

Àkọsílẹ̀ ìdánrawò wà tí wọ́n fi orúkọ ibùdó ìlera Sierra Leone ṣe. Òun ni mo kó sí i. Àǹtí mi wò ó: "Bombali? Ìjọba ìbílẹ̀ wo nìyẹn?" Kí n tó dáhùn, ó ti ń tẹ nọ́ńbà sí i.

Fídíò àkọ́kọ́ ń bọ̀ ní Sátidé, tí iná bá wà.